Àgbà, Èrò Ọkàn Ènìyàn, àti Òtítọ́ Ọlọ́run

Ẹ̀kọ́ Mímọ́ tí a lè kà nílé: Ìwé Dáníẹ́lì, orí 13, Ìwé Kejì àwọn Mákábéù, orí 6, Ìwé Ọgbọ́n, orí 4.



Ọ̀sẹ̀ àwọn àgbà ni ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ nínú Ìjọ Mímọ́. Ọjọ́ 26 oṣù keje ni à ń ṣe ìrántí Jóákímù Mímọ́ àti Ánnà Mímọ́, àwọn òbí Màríà Wúńdíá, tí wọ́n jẹ́ bàbá àgbà àti ìyá àgbà fún Olúwa wa nípa ti ara. Nítòsí ọjọ́ wọn ni Póòpù Francis, ní ọdún 2021, ti ya Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú oṣù keje sọ́tọ̀ fún àwọn òbí àgbà àti àwọn arúgbó jákèjádò ayé. Ó yẹ kí àwa náà sọ ọ̀rọ̀ nípa wọn, kí ó má sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan.

Ní gbogbo Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń gbé Ara Olúwa lọ fún àwọn àgbàlagbà ìjọ wa tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé ilé Ọlọ́run mọ́. Láti Fájuyì títí wọ inú Adó, ayọ̀ ni ìrìn náà jẹ́ fún mi, nítorí pé àdúrà tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń gbà fún wa lórí ibùsùn wọn pọ̀ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í dùn mọ́ mi nínú. Nígbà mìíràn tí mo bá ti parí àdúrà, tí mo sì ń jáde lọ, ẹnìkan nínú ilé a fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, “Fadà, ẹ máa ṣọ́ra fún ìyá yìí o. Wọ́n ní ọwọ́ wọn kò mọ́.” Bí mo bá béèrè pé ta ni ó ní bẹ́ẹ̀, èsì kan náà ni mo máa ń rí gbà: “Wọ́n ní ni, Fadà.”

Ẹ̀yin ará mi, ta ni ń jẹ́ Wọ́n-ní? Kò ní ilé, kò ní bàbá, kò sí ìjọ tí ó ṣe ìrìbọmi fún un. Síbẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ ni àwọn ọmọ kan fi ń dá ìyá tí ó bí wọn lẹ́jọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èrò ọkàn ènìyàn àti òtítọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀mí arúgbó, ó sì kan ọkàn àwa tìkára wa níwájú Ọlọ́run.

ÈKÍNNÍ: KÍ NI ÈRÒ, KÍ SÌ NI ÒTÍTỌ́?

Olúkúlùkù wa ni ó ní èrò tirẹ̀. Ọlọ́run kò dá wa bí òkúta. Ó fún wa ní làákàyè kí a lè máa rò, kí a sì máa yàn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn wí pé, “Lójú tèmi, báyìí ni ọ̀rọ̀ náà rí.” Ìgbà tí “lójú tèmi” bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé adé òtítọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ìgbà náà ni ẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ ronú nípa àpáta Olóta tí ó wà ní ìlú wa yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú, ẹni tí ó dúró ní ìgboro Adó lè má rí i rárá. Ó lè búra pé kò sí àpáta níbẹ̀. Ẹlòmíràn a ní òun rí nǹkan dúdú kan, ó jọ ilé. Ẹnìkẹta a ní òjò ni ó ṣú. Èrò mẹ́ta nìyẹn, àpáta sì jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí oòrùn bá yọ, èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lọ pẹ̀lú ọyẹ́, àpáta yóò sì wà níbi tí Ọlọ́run gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òtítọ́ rí. Kì í yí padà nítorí pé a kò rí i, kì í sì í di púpọ̀ nítorí pé ojú tí ń wò ó pọ̀.

Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa nísinsìnyí pé olúkúlùkù ni ó ní òtítọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. John Henry Newman Mímọ́, ẹni tí ó wọ Ìjọ Kátólíìkì ní ọdún 1845 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 44, ti di arúgbó ẹni ọdún 78 kí Póòpù tó fi í jẹ Kádínà ní 1879. Ní Róòmù ní ọjọ́ tí wọ́n mú ìròyìn oyè náà wá fún un, ó sọ fún àwọn tí ó pé jọ pé ohun tí òun ti ń bá jà láti ọdún pípẹ́ wá ni ẹ̀kọ́ tí ń wí pé kò sí òtítọ́ tí ó dájú nínú ẹ̀sìn, pé èrò ọkàn oníkálùkù ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí arúgbó náà rí nígbà náà ti gba ìlú kan lónìí.

Pílátù béèrè lọ́wọ́ Olúwa wa pé kí ni òtítọ́, kò sì dúró gba èsì. Òtítọ́ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́; ó yí ẹ̀yìn padà sí i, ó lọ gbọ́ èrò àwọn èrò tí ń pariwo lóde. Olúwa wa kò sọ fún wa pé òun mọ òtítọ́ nìkan. Ó pe ara rẹ̀ ní Òtítọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá òtítọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ọkàn mímọ́, ọ̀nà Kristi ni ó ń tọ̀. Ẹni tí ó bá sì fi èrò tirẹ̀ rọ́pò òtítọ́, ibi tí Pílátù kọjú sí ni òun náà kọjú sí.

ÈKEJÌ: OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ SÙSÁNÀ

Nínú Ìwé Dáníẹ́lì a kà nípa Sùsánà, obìnrin olùbẹ̀rù Ọlọ́run, ní Bábílónì. Àgbà méjì tí a fi ṣe onídàájọ́ ní ọdún náà ni wọ́n ṣe ojúkòkòrò sí i. Nígbà tí ó kọ̀ fún wọn, wọ́n parọ́ mọ́ ọn pé àwọn bá a pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lábẹ́ igi. Gbogbo ìjọ ènìyàn gbà wọ́n gbọ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà, wọ́n sì jẹ́ onídàájọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ti ń mú un lọ síbi ikú kí Ọlọ́run tó gbé ẹ̀mí ọ̀dọ́mọdé kan dìde, Dáníẹ́lì. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe? Ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì bi olúkúlùkù ní ìbéèrè kan ṣoṣo: abẹ́ igi wo ni? Igi tí èkínní dárúkọ yàtọ̀ sí ti èkejì. Níbẹ̀ ni irọ́ tú, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sì bọ́.

Àwọn baba wa wí pé irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ìbéèrè ni ẹsẹ̀ tí òtítọ́ fi ń sáré. Níbi tí a kò bá ti béèrè, irọ́ a máa dàgbà, a máa bí ọmọ.

Ní ayé Sùsánà, àwọn àgbà ni ó fi ẹ̀sùn èké kan ọ̀dọ́. Ní ayé tiwa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń fi ẹ̀sùn kan àgbà. Ọmọ kan kò rí iṣẹ́, ìyá àgbà ni. Aya kan kò rí ọmọ bí, ìyá ọkọ ni. Ọmọ-ọmọ kan ṣàìsàn lóru, arúgbó tí kò sùn dáadáa ní yàrá kejì ni. Wọn a sì rán wa létí òwe pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ẹ jẹ́ kí n bi yín bí Dáníẹ́lì ti béèrè: ta ni ó gbọ́ igbe náà? Ẹyẹ ni, tàbí ènìyàn? Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé igbe wà lánàá, tí ikú sì wà lónìí, kí ni ó so wọ́n pọ̀? Àkùkọ a máa kọ lówùúrọ̀, ilẹ̀ a sì máa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe àkùkọ ni ó mú oòrùn yọ.

Ìjọ kò kọ́ wa pé Sátánì kò sí. Ó wà, a sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìrìbọmi wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí orúkọ tí Olúwa wa fún un: ó pè é ní baba irọ́. Nígbà tí ọmọ bá ń fi ẹ̀rí tí kò rí dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi nínú ilé, mo mọ iṣẹ́ ẹni tí a ń ṣe níbẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyá àgbà. Òfin Kẹrin pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá. Òfin Kẹjọ pàṣẹ pé kí a má ṣe jẹ́rìí èké. Ẹni tí ó bá pe ìyá rẹ̀ ní àjẹ́ lórí ẹ̀rí Wọ́n-ní ti ṣẹ Òfin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún ní ìhà gúúsù Nàìjíríà pàápàá ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tí a lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n fún.

Ẹ̀KẸTA: ỌMỌ ÈKÌTÌ KAN TÍ Ó BÉÈRÈ

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ láìní Dáníẹ́lì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, ẹni tí a bí ní Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ní ọdún 1935, tí ó kàwé ní Christ's School ní Adó wa níbí, di oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ara ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí ó gba sùúrù púpọ̀. Láti ọdún 1992, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n ń jókòó ti àwọn Yorùbá tí ó ti pé ẹni ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì ń yẹ iyè wọn wò. Wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, wọ́n sì tún padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Àrùn tí wọ́n ń wá ni èyí tí ń jẹ iyè àgbàlagbà. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1906. Ẹ fi etí sí àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i nílé. Ẹni tí ó ní i a máa béèrè ohun kan náà nígbà mẹ́wàá. A máa gbàgbé orúkọ ọmọ tí ó bí. A máa dìde lóru, a máa rìn kiri ilé, a sì máa ṣí ilẹ̀kùn. A máa dá nìkan sọ̀rọ̀, a sì lè máa bá ẹni tí ó ti kú lọ́jọ́ pípẹ́ sọ̀rọ̀. A máa ní wọ́n jí owó òun, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó fi pamọ́. Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn ni ó ń ṣe é. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn, bí orúnkún ẹlòmíràn ti ń ṣàìsàn.

Ọlọ́run pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun ní 1995. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ, èsì pàtàkì kan sì jáde ní 2001. Nínú 1,000 àgbàlagbà ní Ìbàdàn, nǹkan bí 13 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Ẹ kíyè sí i bí èsì yìí ti tú èrò méjì ká lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan rò pé àìsàn òyìnbó ni, kò sí láàárín wa: ó wà. Àwọn mìíràn rò pé bí ènìyàn bá ti dàgbà, iyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ rá: bẹ́ẹ̀ kọ́, púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni iyè wọn mú títí di ọjọ́ ikú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan sí i. Ẹni tí kò rántí ohun tí ó jẹ ní òwúrọ̀, bí àwọn ènìyàn bá yí i ká, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ọn, tí wọ́n ń nà án, tí ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni ó pa wọ́n, ṣé ìjẹ́wọ́ ni a ó pe ìyẹn? Ẹ̀rù ni ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá ta sílẹ̀ lórí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ké pe Ọlọ́run láti inú ilẹ̀, bí ti Ábẹ́lì.

Ẹ̀KẸRIN: Ẹ̀YIN BÀBÁ ÀTI ÌYÁ WA

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹ̀yin àgbà náà ní ìpín nínú rẹ̀, èmi pàápàá tí mo ti kọjá àádọ́ta ọdún sì ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Òwe wa ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá gun orí igi, kò lè rí i. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá di ojú ní ìjókòó kò ní rí ju ẹni tí ó sùn lọ. Ewú orí nìkan kò sọ ènìyàn di olóòótọ́. Àwọn méjì tí ó purọ́ mọ́ Sùsánà náà hu ewú. Kí a má ṣe máa wí pé, “Ó ti pẹ́ tí mo ti wà láyé, ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé.”

Ẹ wo Augustine Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Ó ti rìn nínú èrò oríṣiríṣi kí ó tó gba ìrìbọmi ní 387. Nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri, ó kó gbogbo ohun tí ó ti kọ sílẹ̀, iṣẹ́ 93 nínú ìwé 232 gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti kà wọ́n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ó bá ti rí i pé èrò òun kò bá òtítọ́ mu, ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Arúgbó tí ó lè tún èrò ara rẹ̀ ṣe ni ọmọ ń sá lọ bá nígbà ìṣòro.

Ẹ sì wo Eléásárì, ẹni 90 ọdún. Wọ́n pàṣẹ fún un kí ó jẹ ẹran tí Òfin kọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́ ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní kí ó mú ẹran tí ó tọ́ fún un láti ilé rẹ̀ wá, kí ó sì díbọ́n pé òun ń jẹ ti ọba. Èrò ọlọ́gbọ́n ni lójú ayé. Eléásárì kọ̀. Ó ní kò yẹ fún ọjọ́ orí òun láti díbọ́n, kí àwọn ọ̀dọ́ má baà rò pé arúgbó náà ti yí padà ní ọdún 90, kí wọ́n sì ṣìnà nítorí ọjọ́ díẹ̀ tí ó kù fún òun láti lò. Ó yan ikú. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn: kí àwọn ọmọ lè máa rí òtítọ́ lára wa nígbà tí ó bá ṣòro láti pa á mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, bí a bá pe ìpàdé ẹbí láti fi ẹ̀sùn kan arúgbó ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ má ṣe jókòó níbẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹnu. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí àgbà wà nílé, kí wọ́n sì fa ìyá arúgbó jáde.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: Ẹ̀YIN ỌMỌ MI

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn àjọ̀dún Jóákímù àti Ánnà, a ó tún rántí Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò wa. Ọdún 1926 ni a bí i. Ní 1966, nígbà tí ó jẹ́ gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n pa á pọ̀ pẹ̀lú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìtàn tí a ń sọ fún àwọn ọmọ wa ni pé kò gbà láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ kí òun lè yè. Ẹni 40 ọdún ni. Ìwé Ọgbọ́n kọ́ wa pé kì í ṣe iye ọdún ni a fi ń wọn ọjọ́ ogbó tí ó lọ́lá, pé ìgbé ayé aláìlábàwọ́n gan-an ni ogbó. Fájuyì kò hu ewú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ arúgbó ni kò ní irú orúkọ rere tí ó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá hu ewú kí ẹ tó dúró ti òtítọ́. Àlejò ni arúgbó inú ilé yín. Ó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ń lọ sí ilé. Ẹ má ṣe fi àlejò yín lé àwọn tí ń wá ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn arúgbó aláìní tí ó ti pé 65 ọdún, tí a mọ̀ sí owó arúgbó. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n owó kò lè di ọwọ́ ènìyàn mú lóru, owó kò sì lè wí fún aládùúgbò pé, “Ìyá mi nìyí, ẹ má ṣe bà á lórúkọ jẹ́.” Ọmọ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ mú nǹkan mẹ́rin yìí lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé “wọ́n ní,” ẹ bi í léèrè pé ta ni, kí ni ó rí, níbo ni ó gbé rí i. Bí kò bá ní èsì, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ibẹ̀. Bí ìwà arúgbó bá yí padà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, ẹ má ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ aríran tí yóò fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́lẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá le, ẹ pe àlùfáà kí ó wá fi Òróró Mímọ́ yàn án, kí ó sì fún un ní Ara Olúwa. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá ń kú lọ. Ní ìparí, ẹni tí ó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ èké bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, kò tó kí ó kàn wá jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Ó gbọ́dọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó sọ ọ́ fún, kí ó sì dá orúkọ rere náà padà fún ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tí ó jí ewúrẹ́ ti gbọ́dọ̀ dá ewúrẹ́ padà.

Nígbà tí Jósẹ́fù àti Màríà gbé Olúwa wa lọ sí Tẹ́ḿpìlì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èrò tirẹ̀ nípa Mèsáyà. Síméónì tí ń retí ìtùnú Ísírẹ́lì, àti Ánnà, opó ẹni ọdún 84, ni wọ́n mọ Ọmọ náà. Wọn kò rí i nípa pé ojú wọn ríran ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n ti dúró ti Òtítọ́ pẹ́ títí, Òtítọ́ sì wá bá wọn.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè, nípasẹ̀ ẹ̀bẹ̀ Jóákímù Mímọ́ àti Ánnà Mímọ́, bùkún gbogbo àgbà ìjọ wa. Kí ó fún àwọn tí iyè wọn ti rá ní àlàáfíà, kí ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù, kí ó sì gba àwọn tí a ń fẹ̀sùn èké kàn lọ́wọ́ ahọ́n ènìyàn. Kí ó sì fi òtítọ́ rẹ̀ sí wa lẹ́nu àti lọ́kàn, ní ìgbà èwe àti ní ìgbà ogbó, títí a ó fi rí i lójúkojú. Ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.

Àlùfáà ìjọ yín